Ẹsẹ̀ Méjì, Ògiri Kan

Jìnádù ta wáyà fún mi ní Panṣẹ́kẹ́,
ó ní bí kò bá bá a mu, kí n dá a padà kó tó di ìrọ̀lẹ́.
Ó bá a mu.
Kọ̀ǹpútà wo pẹ́dààlì bí ẹni rí àlejò tí kò retí,
ó ṣí fèrèsé kékeré kan, ó ní
fáìlì mọ́kànlélógójì ló wà nínú ẹrù yìí.

Mi ò mọ̀ pé mo ti kó tó bẹ́ẹ̀ jọ.
Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń tẹ irin yẹn mọ́lẹ̀ nínú yàrá mi ní Àgó-Ìka:
tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́;
tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ohun tó gbọ́ sọ,
kò ní sinmi,
bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́, tó ń kà á lójú ọ̀nà kó má baà gbàgbé:
iyọ̀ igba náírà, kẹrosíìnì,
iyọ̀ igba náírà, kẹrosíìnì.

Mo fà wọ́n kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan.
Nọ́ńbà keje, òjò lórí páànù, gìtá lábẹ́ rẹ̀.
Nọ́ńbà kẹtàlá, mo wúkọ́;
ní gbogbo ìgbà tó bá yí po, ikọ́ náà á tún dé,
ó ti di ara orin, n kò lè yọ ọ́ mọ́.
Nọ́ńbà kọkàndínlógún, reluwé Láfẹ́nwá fọn fèrè,
ó bọ́ sí ojú ohùn gan-an
bí ẹni pé mo ránṣẹ́ pè é.

Gbogbo rẹ̀ wọlé tán, kọ̀ǹpútà wá bi mí léèrè:
ìṣísẹ̀ mélòó ní ìṣẹ́jú kan?
Àpótí òfìfo, ìlà kan ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀.
Mo yẹ pẹ́dààlì wò níwájú, mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn.
Ohùn ló gbà, kò gba ìwọ̀n.
Mo kọ ọgọ́rùn-ún: aago kọ̀ǹpútà já gìtá mi jù sílẹ̀ ní ìlà àkọ́kọ́.
Mo kọ ọgọ́rin: gìtá ti délé, ó ti jẹun,
aago ṣì ń bọ̀ ní Adátán.

Mo di ojú, mo tún nọ́ńbà àkọ́kọ́ gbọ́.
Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí mo rò pé ariwo iná ni:
gìì-kà, gìì-kà, gìì-kà.
Máṣíìnì Ṣótúnbọ̀, lẹ́yìn ògiri,
tó ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé.
Ẹsẹ̀ tirẹ̀ lórí irin, ẹsẹ̀ tèmi lórí irin,
mo sì ti ń bá a rìn láti ọjọ́ yìí, n kò kí i.

Ó ti ra èyí tó ń lo iná.
Ti àtijọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, garawa omi lórí rẹ̀.
“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ẹsẹ̀ wà á fún ìṣẹ́jú kan.”
Ó wò mí bí ẹni tí ibà ń ṣe.
Ó gbé garawa kúrò, ó jókòó,
ó dìde, ó lọ mú ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì kan wá:
“Máṣíìnì kì í rìn lófìfo.”

Mo kà á: mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún.
Mo tún un kà: méjìdínláàádọ́rùn-ún.
Èwo ni kí n kọ?
“Ti àkọ́kọ́. Ní ìkejì, mo ti mọ̀ pé ò ń wò mí.”

Mo kọ ọ́ sínú àpótí náà.
Aago àti gìtá jáde lẹ́sẹ̀ kan náà,
wọ́n jọ rìn jìnnà,
wọ́n ya díẹ̀ lẹ́bàá ìparí. Mo fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lálẹ́, ó kan ògiri.
“Ohun tí o gbà sílẹ̀ yẹn,
ṣé a kò gbọ́ ọ níbi tí mo ti ń bú ìyàwó mi?”
Mo wo nọ́ńbà kọkànlélọ́gbọ̀n.
Mi ò tíì dá a lóhùn.